Ìwé Iṣẹ́ àti Ìwé Ìgbélùú

Ọ̀nà tí ó ti Victoria Island lọ sí Ẹ̀pẹ́ ń gba àárín omi méjì kọjá: òkun ńlá wà ní apá ọ̀tún, ọ̀sà sì wà ní apá òsì. Ilẹ̀ gbọọrọ tí ó wà láàrin wọn ni a ń pè ní ilẹ̀ Lẹkki. Láyé àtijọ́, ẹja pípa àti àgbọn ni a fi mọ àwọn abúlé ibẹ̀, láti Ajah títí dé Ìbẹ̀jú. Ní òde òní, iṣẹ́ ńláńlá ti bo ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2006 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà fọwọ́ sówọ́ pọ̀ dá agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ Lẹkki sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2023, a ṣí èbúté ọkọ̀ òkun tuntun níbẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, a ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́.

Bí iṣẹ́ ti pọ̀ níbẹ̀ ni àlejò pọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa gbé ará Íńdíà àti ará Ṣáínà kọjá ní oríta Ajah. Àwọn ará Tógò àti ará Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n mọ táìlì í tẹ́ a máa dúró de ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún wọn. Nínú ọkọ̀ èrò kan, nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá lè jókòó, kí ó gbé àpò ìwé-ẹ̀rí lé ẹsẹ̀, kí ó máa lọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba fẹ́ gbà á síṣẹ́. Àwọn kan ń bọ̀, àwọn kan ń lọ. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni ó wà lọ́kàn gbogbo wọn: yóò ti pẹ́ tó kí ìwé tó jáde, yóò sì ti pẹ́ tó kí àlejò tó di ẹni tí a kò lè dédé sọ fún pé kí ó máa lọ?

Kí a tó lè dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ìwé méjì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni ìwé iṣẹ́. Ìwé yìí ni ó ń fún àlejò láyè láti wọ ìlú, kí ó sì ṣe iṣẹ́ kan pàtó fún agbanisíṣẹ́ kan pàtó. Agbanisíṣẹ́ náà ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọba. Bí iṣẹ́ bá bọ́, tàbí bí onígbọ̀wọ́ bá yọ ọwọ́, ìwé náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́. Èkejì ni ìwé ìgbélùú títí. Ẹni tí ó bá ní èyí lè fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ kí ó mú òmíràn, ó lè sinmi, ó lè dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di arúfin. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Ìwé iṣẹ́ ni ṣòkòtò àgbàbọ̀. Ìwé ìgbélùú títí ni ohun ẹni. Àkókò tí ó wà láàrin méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò dáadáa.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, nítorí pé àwọn Yorùbá ti fi ojú ara wọn rí i. Kí ọ̀rúndún ogún tó dé ìdajì, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho ti tan káàkiri ilẹ̀ Gánà. Wọ́n ń tajà ní Àkírà, ní Kumasi, ní Tamale àti ní àwọn ìletò tí ó jìnnà sí títì. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ èdè ibẹ̀ bí ẹni tí a fi omi rẹ̀ wẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò gba ìwé ìgbélùú rárá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Olórí Ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ilé, kò tó láti gba gbèsè, kò sì tó láti gba ìwé. Àwọn tí wọ́n ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ di ẹrù sórí ọkọ̀ wá sí ìlú tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀.

Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà gbàràmù-gbaramu tí wọ́n kó ẹrù sí ni àwọn ènìyàn ń pè ní 'Ghana Must Go' títí di òní. Nínú ìtàn méjèèjì, kì í ṣe iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ìlú ni ìjọba wò. Ìwé ni ìjọba wò. Ọdún tí a kò fi ìwé gbé kì í sábà ní iye níwájú òfin.

Ó yẹ wàyí kí a wo bí àlejò ṣe ń gba ìwé iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹkki bá fẹ́ gba onímọ̀ ẹ̀rọ láti ilẹ̀ Íńdíà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ rìn, ilé-iṣẹ́ náà ni. Yóò lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń mójú tó Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, yóò sì béèrè fún àṣẹ iye àlejò. Nínú àṣẹ yìí ni a ó ti kọ iye àlejò tí ó lè gbà àti orúkọ ipò tí olúkúlùkù wọn yóò wà. Àṣẹ náà ní iye ọdún tí yóò lò, a sì lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Ìjọba sì fi àdéhùn kan tì í: lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan, ọmọ Nàìjíríà méjì ni ó gbọ́dọ̀ máa kọ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà nínú agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́, òfin dá wọn sí ní ti iye àlejò yìí; ṣùgbọ́n kò dá òṣìṣẹ́ wọn sí ní ti ìwé ìgbélùú.

Nígbà tí àṣẹ bá ti jáde ni òṣìṣẹ́ tó lè béèrè fún físà tí a ń pè ní STR ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní ìlú rẹ̀. Ìtumọ̀ físà náà ni pé a gbà á láyè láti wọlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wá tún ìwé rẹ̀ ṣe nígbà tí ó bá dé. Láàrin ọjọ́ 90 tí ó wọlé, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbé ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Imigirésọ̀n, kí wọ́n lè fún un ní káàdì ìgbélùú tí a ń pè ní CERPAC. Káàdì yìí kì í wà títí. Ọdún 1 tàbí 2 ni ó ń lò, lẹ́yìn náà a ó tún san owó, a ó sì tún gba òmíràn. Owó náà kì í ṣe kékeré: ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ìjọba sọ owó káàdì ọdún kan di 2,000 dọ́là láti 1,000 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ìjọba lóṣooṣù nípa àwọn àlejò tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí a bá wo ètò yìí fínnífínní, a ó rí èrò tí ó wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe pé Nàìjíríà fẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ náà di onílùú. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí ó ṣe iṣẹ́, kí ó kọ́ ọmọ Nàìjíríà méjì, kí ó sì padà sílé. Àga tí ó jókòó lé ni a ti pèsè ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dé. Nítorí náà, kò sí àtẹ̀gùn tààrà láti orí káàdì òṣìṣẹ́ dé ibi ìgbélùú títí. Ìlànà físà tí Nàìjíríà gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2020, tí ó ní oríṣi físà 79 nínú, dá ẹ̀ka ìgbélùú títí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó pẹ̀lú ọmọ Nàìjíríà, ìran tí ènìyàn ti wá, tàbí owó ńlá tí ó fi dá òwò sílẹ̀ ni ó sábà ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ka náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà pátápátá, ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti sọ iye ọdún rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ti gbé ní Nàìjíríà fún ọdún 15 láì dá a dúró, tàbí kí ó ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 12 léraléra lẹ́yìn tí ó ti kó àpapọ̀ ọdún 15 jọ láàrin ogún ọdún tí ó ṣáájú oṣù 12 náà. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní ìwà rere, tí ó ti ṣe ohun kan fún ìlọsíwájú ìlú, tí Gómìnà ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé sì gbà pé àwọn ará àdúgbò ti tẹ́wọ́ gbà á.

Ti àwọn ará Tógò àti ará Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ táìlì ní Ajah yàtọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ìlú Dakar. Àdéhùn náà fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ní ọdún 1986 ni a fi ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú kí a sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kún un. Àwọn wọ̀nyí kò nílò onígbọ̀wọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 90 bá ti kọjá, káàdì ìgbélùú di dandan fún wọn. Ẹni tí ó bá rò pé nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ òun, kò sí ohun tí ó lè ṣe òun, kí ó rántí Gánà ọdún 1969.

Bí a bá wá yí ojú sí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń lọ, a ó rí i pé ọ̀nà tiwọn náà gùn, àmọ́ a kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn. Ìlú Ọba ni púpọ̀ nínú wọn ń wò. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ nílé, kí ó tó rí ọkọ̀ òfuurufú. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ní Nàìjíríà pa á láṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí ìgbìmọ̀ náà tó lè bá a fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí òkèèrè. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò iṣẹ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Níbi tí ọ̀ràn dé yìí ni agbanisíṣẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo agbanisíṣẹ́ ní Ìlú Ọba ni ó lè pe àlejò. Ìjọba ibẹ̀ ni ó ń fún ilé-iṣẹ́ ní àṣẹ onígbọ̀wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní àṣẹ yìí ni ó lè fún òṣìṣẹ́ ní ìwé-ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láàrin oṣù 3 tí a fún un ní nọ́ńbà yìí ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè fún físà. Bí gbogbo ìwé bá pé, ìdáhùn a sábà dé láàrin ọ̀sẹ̀ 3. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ìwé Ìlú Ọba yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka ọdún ẹ̀kọ́, ọdún iṣẹ́ àti oṣù ìdánwò tí ó wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka ọdún tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwé tí ó gbà yìí kò lè ju ọdún 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ tí ètò òṣìṣẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ àti onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọdún 5 ni òfin béèrè kí òṣìṣẹ́ tó lè tọrọ ìgbélùú títí. Nínú ọdún márààrún náà, kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi láàrin oṣù 12 kankan. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò nípa ìtàn àti ìṣe ìlú náà: ìbéèrè 24 ni, ó sì gbọ́dọ̀ gba 18 ó kéré tán. Lẹ́yìn tí ó bá ti gba ìgbélùú títí, ó sábà gbọ́dọ̀ tún lo oṣù 12 kí ó tó lè béèrè láti di ọmọ ìlú. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, nọ́ọ̀sì tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó lónìí kò lè sọ̀rọ̀ ìgbélùú títí kí ọdún 7 tàbí 8 tó kọjá, bí ohunkóhun kò bá tilẹ̀ dí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n òfin kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba kéde pé òun ní i lọ́kàn láti sọ ọdún 5 náà di ọdún 10 fún ọ̀pọ̀ àlejò. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni a ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó àti aláìlera láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, a sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, a ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè. Kò pé ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí ó ti ṣí tí ó fi tì.

Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè tọrọ ìgbélùú títí fún òṣìṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́ta ni yóò là kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò fi hàn pé òun wá ọmọ Amẹ́ríkà sí iṣẹ́ náà, òun kò rí. Ìpele yìí nìkan gba ju ọdún 1 lọ ní ọdún 2024 àti 2025. Àwọn nọ́ọ̀sì ni a dá sí ní ti ìwákiri yìí, nítorí pé ìjọba ti gbà pé wọn kò tó. Lẹ́yìn náà, yóò kọ ìwé láti fi hàn pé òṣìṣẹ́ náà yẹ, àti pé òun ní owó tí òun yóò fi san án. Ìpele kẹta ni ìdúró lórí ìlà. Ìwé ìgbélùú nítorí iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ń fún gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bí 140,000 lọ́dún, a sì ń ka aya, ọkọ àti ọmọ mọ́ ọn. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó sábà gbọ́dọ̀ gbà ju ìpín 7 nínú 100 lọ. Nítorí pé àwọn ará Íńdíà pọ̀ lórí ìlà náà, òmíràn nínú wọn ń dúró ju ọdún 10 lọ. Ìlà àwọn ọmọ Nàìjíríà kò gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àṣẹ kan láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà kún àwọn ilẹ̀ tí a dá fífún àwọn ọmọ wọn ní físà ìgbélùú dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Èyí fi hàn pé ẹni tí kò sí lórí ìlà gígùn pàápàá lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

Jámánì dín ọdún tirẹ̀ kù. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ onímọ̀ lè tọrọ ìgbélùú títí lẹ́yìn ọdún 3, dípò ọdún 4 tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ìwé tí a ń pè ní Blue Card lè tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 27, tàbí oṣù 21 bí wọ́n bá gbọ́ èdè Jámánì dé ìwọ̀n kan. Èdè ibẹ̀ ni owó-ibodè ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá tètè gbọ́ ọ, a dín ọ̀nà rẹ̀ kù. Ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí ó ní epo rọ̀bì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lásán lè lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́, kí ó sì padà sílé pẹ̀lú irú ìwé tí ó bá wọlé. Ní ti èyí, àwọn ilẹ̀ náà àti Nàìjíríà jọ ara wọn: iṣẹ́ ni wọ́n pe àlejò wá ṣe, wọn kò pè é wá jogún.

Láti inú gbogbo èyí, a ó rí i pé ìdúró náà ní ewu tirẹ̀, àti pé ewu náà kì í ṣe ti ọdún gígùn nìkan. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà lábẹ́ ìgbọ̀wọ́, ohun tí ó bá ṣe onígbọ̀wọ́ ti ṣe òun náà. Láti oṣù Keje ọdún 2022 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Ìlú Ọba gba àṣẹ onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ olùtọ́jú tí ó ju 470 lọ, nítorí ìwà àìtọ́. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì ju 39,000 lọ. Ẹni tí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bá ṣubú báyìí a sábà ní ọjọ́ 60 láti wá òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó padà sílé. Òmíràn nínú wọn ti ta ilẹ̀ baba rẹ̀ kí ó tó lọ. Òmíràn tilẹ̀ dé ibẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ kankan nídìí ìwé tí òun rà.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ ohun mẹ́ta. Èkíní, ìwé-ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ kì í ṣe ọjà. Agbanisíṣẹ́ tòótọ́ ń wá òṣìṣẹ́, kò wá oníbàárà. Ẹni tí ó bá ń dá iye owó lé ìwé-ẹ̀rí náà, yálà ní Ajah ni tàbí ní òkèèrè, gbájúẹ̀ ni. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí Ìlú Ọba fún láṣẹ onígbọ̀wọ́ wà nínú ìwé tí ìjọba ibẹ̀ gbé síta fún gbogbo ayé láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ènìyàn tó san kọ́bọ̀ kan, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Èkejì, ẹni tí ó bá ń ka ọdún gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀rí. Ìwé owó-oṣù, ìwé owó-orí, ìwé ilé tí ó gbé, àti ọjọ́ tí ó jáde ní ìlú àti ọjọ́ tí ó padà wọlé: gbogbo wọn ni a ó béèrè nígbà tí ọdún bá pé. Ọ̀pọ̀ ni ó ṣiṣẹ́ tí ó tó, tí ó gbé ìlú tí ó pẹ́, ṣùgbọ́n tí ìsinmi gígùn kan nílé tàbí ìwé kan tí ó sọnù mú kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ka ọdún láti oókan. Bákan náà ni àlejò tí ó wà ní Lẹkki: bí ó bá gbàgbé láti tún káàdì rẹ̀ ṣe ní àkókò, àlàfo yóò wà nínú ọdún 15 tí ó ń kà.

Ẹ̀kẹta, kí ènìyàn mọ èrò ìlú tí ó ń lọ kí ó tó di ẹrù. Ìlú mìíràn ka ọdún iṣẹ́ sí àtẹ̀gùn. Ìlú mìíràn kà á sí iye ọjọ́ tí àlejò yóò lò kí ó tó padà. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú méjèèjì, nítorí pé onílé ni ó ń sọ bí àlejò yóò ti pẹ́ tó. Ojú àlejò tóbi, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àfi bí ó bá béèrè. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọdún 3 ni òun fẹ́ lò nídìí iṣẹ́, kí ó tún ilé òun ṣe fún ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ di onílùú níbòmíràn, kí ó mọ iye ọdún tí òfin sọ, kí ó sì fi díẹ̀ kún un nítorí ọjọ́ tí òfin yóò yí padà.

Bí ó ti yẹ kí ọmọ Yorùbá béèrè fún inú rere ní ìlú àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi í hàn nílé. Ará Bẹ̀nẹ̀ tí ń tẹ́ táìlì ní Ṣàngótẹ̀dó ń ka ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ọmọ Èkó tí ó wà ní Manchester ti ń ka ọjọ́. Ará Íńdíà tí ó wà ní ilé ìfọpo ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú arúgbó tí ó ti Ajah lọ sí Leeds ti ń bẹ̀rù. Kò sí ẹni tí ó wọ ṣòkòtò àgbàbọ̀ tí kò mọ̀ pé olóhun lè béèrè rẹ̀ nígbàkígbà. Nítorí náà, kí àlejò pa òfin mọ́, kí onílé má sì fi òfin ni í lára. Nígbà tí ọdún bá pé, ìwé tí a tọ́jú ni yóò bá ènìyàn sọ̀rọ̀.